Ìrun Tí Kò Ní Sàlámà

Àsàláámù àlékúmù wàráhúmótúlláhì wàbàràkátúhù. Mo kí yín, ẹ ò dáhùn dáadáa. Ẹ̀yin bàbá iwájú yìí nìkan ló dáhùn, ohùn yín sì ti ń gbọ̀n. Àwọn tó lóhùn dà?

Ọpẹ́ ni fún Ọba tí ọjọ́ ń gorí ọjọ́ tí Òun kì í gbó, Ẹni tó mú wa jáde láti inú ìyá wa láìlágbára, tó fún wa lágbára, tó sì tún ń gba agbára náà padà lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Mùhámọ́dù, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tọ ipa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò gùn. Ẹ̀tọ́ àgbàlagbà lọ́rùn wa kì í ṣe ká máa bọ̀wọ̀ fún un láti òkèèrè. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ká wọlé tọ̀ ọ́. Ẹnì kan á sọ pé, "Ààfáà, ṣé ìyẹn nìkan?" Ìyẹn nìkan ni. Ẹ máa tó rí i pé ó le.

Ara mi ò balẹ̀ o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí mo ń sọ̀rọ̀ sí yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ ló gbé e wá láàárọ̀, ó sì jókòó sinmi lójú ọ̀nà kó tó dé ibí. Òkú tá a sin lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ rí àwọn tó gbẹ́ sàréè. Wọ́n á gbẹ́ díẹ̀, wọ́n á dúró mí. Àwa tá a dúró, à ń wo òkú, à ń wo àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, àyà ń já wa kó má lọ di pé a ó gbẹ́ ihò méjì. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ọjà wa fọ́fọ́ báyìí, ọmọ tuntun tí wọn ó bá tún orí rẹ̀ ṣe ni wọn ò rí. A tọrọ ẹ̀mí gígùn, Ọlọ́run fún wa. Ta ni yóò wá di ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn mú kó má ṣubú?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ìlú tó ti ṣẹlẹ̀ kò jìnnà síbí. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, torí púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn inú ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà láàyè, mi ò sì fẹ́ fi wáàsí ṣòfófó.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Àlàájà Ṣífáwù. Ẹ̀kọ ló ń tà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Agbo ilé ńlá kan ló ń gbé, irú agbo ilé tí o ò ti lè wúkọ́ kí ẹlòmíì má bi ọ́ léèrè ohun tó o jẹ. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ẹ̀kọ tọ́ ọmọ méjì, Múdàṣírù àti Sìdíkátù. Àwọn ọmọ náà kàwé, ìwé sì gbé wọn lọ. Sìdíkátù wà ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni títọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ìyá oníyàá ló ń gbé dìde lórí ibùsùn, tó ń wẹ̀ fún, tó ń fi ṣíbí bọ́. Iṣẹ́ halàálì ni, mi ò bú u.

Múdàṣírù wà ní Àbújá, ó ti di ọ̀gá. Ọmọ rere ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú Múdàṣírù nínú ìtàn yìí, torí tẹ́ ẹ bá ti bú u tán, ọkàn yín á balẹ̀, ẹ ó sì máa lọ sílé lálàáfíà. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ sílé lálàáfíà lónìí.

Ọmọ yìí kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Fẹ́ǹsì ilé náà ga ju orí igi ọsàn lọ. Omi ń yọ nínú ilé, iná sólà ń tàn fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó gba mẹ́gàádì, Bàbá Sùmáílà, tí òun náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, torí kò sí ọ̀dọ́ kankan nílùú yẹn tó fẹ́ jókòó sẹ́nu géètì. Àgbà ń ṣọ́ àgbà. Lọ́jọ́ tó fẹ́ kó ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀, ìyá ní, "Múdà, mi ò fẹ́ kúrò láàárín èèyàn."

"Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ wá sinmi, kẹ́ ẹ máa jọ́sìn fún Ọlọ́run, kẹ́ ẹ máa ṣàdúà fún wa."

"Ṣé mi ò lè ṣàdúà fún yín níbí ni?"

"Ariwo ti pọ̀ jù níbí, Màmá."

Ìyá lọ. Kí ni ìyá fẹ́ ṣe? Ọmọ tó kọ́lé fún ọ, tí gbogbo ìlú ń kí ọ kú oríire, o ò lè sọ pé ilé náà dákẹ́ jù. Àwọn ará agbo ilé ní àwọn á máa wá kí i. Ẹ̀yin náà mọ irú "a ó máa wá" yẹn. Orúnkún ń dun èyí, ojú tọ̀hún ò ríran mọ́, kò sí ọmọ tí yóò mú wọn dání. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ìyá Kúbúrátù, tí wọ́n jọ tẹ̀kọ, tí wọ́n sì jọ wà lẹ́gbẹ́ àsàlátù, ló ń tẹ ọ̀pá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Orúnkún Àlàájà fúnra rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kò lè kúnlẹ̀, kò lè forí kanlẹ̀ mọ́. Á tẹ́ ẹní ìrun, á gbé àga lé e, orí àga ló ti ń kírun. Kò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n á pè é lórí fóònù, "Màmá, ara ńkọ́?" Á ní, "Al-hamdu lillahi." Ìbéèrè parí, ìdáhùn parí.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Àlàájà ṣe àlùwàlá, ó borí, ó jókòó sórí àga, ó kábàrá ìrun Àílà. Kò tíì parí ìrun náà tí apá òsì rẹ̀ àti ẹsẹ̀ òsì kú mọ́ ọn lára. Ó yọ̀ láti orí àga, ó bá ara rẹ̀ ní ìjókòó lórí ẹní, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ibùsùn, àga sì yí gbiri lọ sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fẹ́ ké, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ò ju "hùn-ùn, hùn-ùn" lọ. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù fún un, tẹ̀súbáà sì wà níbẹ̀.

Fóònù dún lórí tábìlì. Ó ń wò ó títí tó fi dákẹ́.

Múdàṣírù ló ń pè. Nígbà tí ìyá ò gbé e, ó pe mẹ́gàádì. "Bàbá, ẹ bá mi wo Màmá."

Bàbá Sùmáílà lọ sójú fèrèsé. Ẹni tó mọ ẹ̀sìn ni, kò jẹ́ já wọ yàrá obìnrin olóbìnrin. Ó fi ìka ká aṣọ fèrèsé díẹ̀. Kí ló rí? Ó rí obìnrin tó borí, tó jókòó sórí ẹní ìrun, tẹ̀súbáà ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ? Ta ló ń já ìrun mọ́ ẹlòmíì lẹ́nu? Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ká má gba iwájú olùkírun kọjá.

Ó ní, "Wọ́n wà lórí ìrun, ọ̀gá."

"Al-hamdu lillahi. Ẹ má dí wọn lọ́wọ́."

Bàbá tẹrí ba lójú fèrèsé, ó rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò kí bàtà rẹ̀ má pariwo. Ẹ̀yin ará mi, ọwọ́ yẹn ń pè é ni. Ètè yẹn ń wá ọ̀nà àtisọ pé, "Bàbá, ẹ wọlé." Ọ̀sán ni, ilẹ̀kùn ò sì tì. Mo tún un sọ, ilẹ̀kùn ò tì.

Nígbà tó di Màǹgàríbì, Sìdíkátù pè láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti tọ́jú ìyá kan tán, ó ń lọ sílé ìyá mìíràn. Bàbá Sùmáílà tún lọ yọjú, ó ní, "Wọn ò tíì kúrò lórí ìrun." Inú Sìdíkátù dùn dé ibi pé ó gbé e sórí Wasáàpù ẹbí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti Àílà ni Màmá àwọn ti wà lórí ẹní. Ẹbí ń dáhùn láti ìlú gbogbo, màṣá Àlláhù, màṣá Àlláhù. Ẹnì kan ní àdúà ìyá yìí ló ń gbé gbogbo àwọn ró. Ẹnì kan fi àwòrán òdòdó sí i. Wọ́n ń yin ìyá lọ́tùn-ún lósì, ìyá jókòó sínú ìtọ̀ ara rẹ̀.

Sólà tan iná fúnra rẹ̀. Bàbá rí iná lójú fèrèsé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ilé tó ń dá tan iná, tó ń dá pọn omi, ẹ ò ní mọ̀gbà tí onílé ò lè ṣe nǹkan kan mọ́.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó ròyìn rẹ̀ fún jámáà ní mọ́ṣáláṣí pé Àlàájà wa ti fi gbogbo òru jọ́sìn. Lémọ́mù fúnra rẹ̀ ní, "Irú wọn ni Ọlọ́run ń wò tí kì í fi í pa ìlú rẹ́. Ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n fi wá sí àdúà." Àwọn bàbá yòókù ní, "Àmín, ẹ má gbàgbé o." Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bèèrè pé obìnrin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, kí ló jẹ lánàá? Bàbá Sùmáílà jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó bọ́ bàtà lójú fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Àlàájà, ẹ fi wá sí àdúà o." Ó gbọ́ "hùn-ùn" láti inú yàrá. Ó ní wọ́n ti gbọ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ṣé ẹ rí i pé kò sí ìkà kan nínú ìtàn yìí? Ẹ bá mi wá ìkà ibẹ̀. Mo ti wá a, ó sú mi.

Ọjọ́ Àìkú yẹn ni àsàlátù. Ìyá Kúbúrátù wo àyè tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń jókòó sí, kò rí i. Nígbà tí wọ́n túká, ó tẹ ọ̀pá rẹ̀, ó ń sinmi, ó ń rìn, títí ó fi dé ẹnu géètì. Bàbá Sùmáílà kí i pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ rọra jókòó síta ná, Ìyá. Wọ́n ṣì wà lórí ìrun."

"Ìrun wo nìyẹn?"

"Láti àná ni. Wọn ò kúrò lórí ẹní."

"Orí ẹní kẹ̀? Ilẹ̀ ló jókòó sí?"

"Ilẹ̀ ni. Mo fojú mi rí wọn."

Ìyá Kúbúrátù gbé ọ̀pá rẹ̀. Ó ti bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń lọ, ó ń sọ̀rọ̀ mọ́ra rẹ̀ lẹ́nu pé, "Ṣífáwù tí kò lè jókòó sílẹ̀. Ṣífáwù tó jẹ́ orí àga ló ti ń kírun. Ta ló gbé e sílẹ̀?" Ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí. Ohun tó rí níbẹ̀, mi ò ní ṣàlàyé rẹ̀ tán níwájú àwọn ọmọdé. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ tó kù mú.

Kí wọ́n gbé e ló kù. Àwọn méjèèjì gbìyànjú títí, wọn ò lè gbé e. Bàbá Sùmáílà sáré jáde, bí ẹni ọdún rẹ̀ ṣe lè sáré, ó ń lu géètì kiri àdúgbò. Àwọn èèyàn jáde, ẹ má rò pé wọn ò jáde. Bàbá tó jáde ní ilé àkọ́kọ́ gbára lé ọ̀pá. Ìyá tó jáde ní ilé kejì ò ríran. Ẹ̀kẹta ń bèèrè láti inú ilé pé kí ló ṣẹlẹ̀, kò lè dìde. Ilé ńláńlá ni gbogbo rẹ̀, ọmọ ló kọ́ ọ, òbí ló ń ṣọ́ ọ. Ní gbogbo àdúgbò náà, wọn ò rí apá méjì tó lè gbé obìnrin kan dé títì. Àwọn bíríkìlà tó ń mọ fẹ́ǹsì ilé tuntun kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ni wọ́n lọ bẹ̀, àwọn ọmọ ìlú mìíràn, ẹlẹ́sìn mìíràn. Wọ́n ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n wá pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tó lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n gbé e. Kí Ọlọ́run san án fún wọn.

Ní ọsibítù, dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, ọ̀rọ̀ náà ò bá máà rí báyìí. Ìhà òsì Àlàájà ò padà mọ́.

Múdàṣírù wọ bàálù, ó dé lọ́jọ́ kejì. Ó wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Ó ní, "Al-hamdu lillahi, ó kúkú jẹ́ orí ẹní ìrun ló ti bá Màmá."

Ìyá Kúbúrátù wà níbẹ̀. Ó ní, "Múdàṣírù ọmọ mi, kì í ṣe orí ẹní ìrun. Orí ilẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó ní òun máa gba èèyàn méjì, mẹ́ta, tí wọn á máa gbé pẹ̀lú Màmá. Ìyá Kúbúrátù ní, "Ta lo fẹ́ gbà? Gbogbo ẹni tó lè gbé ìyá ẹ ló ti lọ bí ìwọ ṣe lọ. Kúbúrátù tèmi náà ti lọ, inú fóònù nìkan ni mo ti ń gbóhùn rẹ̀. Ẹ gbé e padà sínú agbo ilé. Àwa náà ò lágbára, ṣùgbọ́n a máa mọ̀ tó bá ṣubú."

Wọ́n gbé e padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ọ̀rọ̀ kan lónìí, ọ̀rọ̀ kan lọ́la. Bàbá Sùmáílà, tí kò rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn, wá dọ̀bálẹ̀ ní iwájú ibùsùn rẹ̀. Ó ní, "Àlàájà, ẹ foríjì mí. Mo rí yín, mo kọjá lọ."

Obìnrin yìí wá ọ̀rọ̀ náà títí kó tó rí i. Ó ní, "Àdúà tẹ́ ẹ ní kí n ṣe fún yín lọ́jọ́ yẹn, mo ṣe é."

Ẹ jẹ́ kí n nu ojú mi.

Ẹ ó bi mí pé Múdàṣírù ńkọ́. Ó ń wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní òun fẹ́ kúrò ní Àbújá, iṣẹ́ ò jẹ́ kó kúrò. Òun náà lọ́mọ tó ń lọ síléèwé, ọ̀rọ̀ ayé kì í ṣe ohun tí wáàsí kan lè tú tán. Àlàájà gbé bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún kan, ó sì jẹ́pè Ọlọ́run láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Múdàṣírù dé kí wọ́n tó sin ín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ wọ inú sàréè lọ gbà á. Àwọn bàbá tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, apá wọn ń gbọ̀n, ó sì yára na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á mọ́ àyà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní, "Gbé e kalẹ̀, ọmọ." Ó gbójú sókè wò wọ́n, ó ní, "Ó fúyẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó fúyẹ́ tó báyìí."

Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbé ìyá tó pọ̀n ọ́n nìyẹn.

Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ọmọ òkété tó wà ní Àbújá, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fi wàrà ránṣẹ́, a ò sọ pé kò fi ránṣẹ́. Ta ni yóò gbé ife náà sí òkété lẹ́nu? Ọlọ́run pa á láṣẹ fún wa pé ká ṣe dáadáa sí òbí tó bá dàgbà lọ́dọ̀ wa, àwa ti sọ ọ́ di òbí tó dàgbà níbi tí a kọ́lé fún un sí. Ẹni tó wà nítòsí ń fojú wò, ẹni tó jìnnà ń fi fóònù wò, a sì ń pe méjèèjì ní ìtọ́jú.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí jámáà yìí ṣe nìyí, bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ẹni tó bá lè rìn nínú yín, ojoojúmọ́ ni kó máa lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tó ń dá gbé. Ẹ má yọjú lójú fèrèsé, kí obìnrin wọlé tọ obìnrin, kí ọkùnrin wọlé tọ ọkùnrin. Bí ẹ bá bá a lórí ìrun, ẹ má dí i lọ́wọ́ lóòótọ́, ẹ jókòó tì í títí yóò fi ṣe sàlámà, tí yóò fi kí ìrun náà parí. Bí kò bá ṣe sàlámà, ẹ gbé e. Bí ẹ ò bá lè gbé e, ẹ pariwo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ díẹ̀ tó kù lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ fi fóònù ká ohùn mi sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ti lọ. Ẹ má kọ màṣá Àlláhù sí i. Ẹ bi wọ́n pé, ìyá yín, orí kí ló ti ń kírun báyìí?

Ẹ tẹ́wọ́. Ọlọ́run Ọba tó ń fúnni lọ́jọ́, tó ń gba agbára, tọ́ wa sọ́nà ká mọ ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣáájú wa. Foríji àwọn òbí wa tó ti lọ, fẹsẹ̀ àwọn tó kù rinlẹ̀. Mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa padà bọ̀ wá sílé, kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n má máa nìkan gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Nígbà tó bá sì kan àwa náà, Ìwọ Ọba tó ń gbọ́ ohùn tí kò jáde, má jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn wa rí wa, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ, kó sì kọjá lọ.

Àmín. Ẹ ṣe àmín náà kó tó mi létí.